Àwòrán Àfonífojì Kí Omi Tó Dé

Ràkúnmí-irin náà kọsẹ̀, ó ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, ó sì wó lulẹ̀ gbì! Eruku pupa bo gbogbo ibẹ̀. Kí Ìyúnadé tó ké pé "Ẹrù mi o!", okùn ti já, àpótí ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà sì ti ń yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.

Ó gbá tẹ̀lé e. Eré tó sá kì í ṣe irú eyí tí a ń sá láyé, nítorí Ilẹ̀ Pupa, ayé mìíràn tó jìnnà sí tiwa, kì í fa ènìyàn mọ́lẹ̀ tó bí Ayé ṣe ń fà wá. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè gbé ènìyàn fò kọjá kòtò. Ìyúnadé fò, ó tún fò, ó já lé àpótí náà lórí, ó sì dì mọ́ ọn bí ìyá tó dì mọ́ ọmọ. Òun àti àpótí jọ yí títí òkúta kan fi dá wọn dúró.

"Ṣé o wà láàyè?" Ohùn Bàbá Adétọ̀nà ló dún nínú akoto tí Ìyúnadé dé sórí.

"Mo wà láàyè, Bàbá."

"Kámẹ́rà ńkọ́?"

Ó ṣí ìdérí àpótí, ó yọjú wò ó. Ojú dígí náà ń dán gbinrin, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀.

"Òun náà wà láàyè!" Ìyúnadé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran bàbá arúgbó náà níbi tó dúró sí lókè.

Iṣẹ́ Ìyúnadé ni kí ó máa ya àwòrán ilẹ̀: òkè, ihò, aṣálẹ̀. Kì í ya ènìyàn; ó ní ènìyàn kì í dúró jẹ́ẹ́. Kámẹ́rà kò wọ́n ní Àtúntẹ̀dó, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí Ilẹ̀ Pupa láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Ó wà nínú òrùka, ó wà nínú bọ́tìnnì aṣọ. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń rọ̀ láti òfurufú máa ń jẹ àwọn kámẹ́rà kéékèèké wọ̀nyí bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà, àwòrán wọn a sì kún fún àmì funfun tótòtó. Ìdí nìyẹn tí Ìyúnadé fi kan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Dígí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ìkòkò. Kì í tọ́jú àwòrán sínú ẹ̀rọ, orí dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ra oògùn sí ló ń yà á sí. Òjé ló fi bo gbogbo ara kámẹ́rà náà kí ìtànṣán má baà wọlé. Ó pè é ní Awòfín, nítorí ohun tí ojú lásán kò rí, Awòfín a rí i fínnífínní. Bí ẹrù tilẹ̀ fúyẹ́ lórí Ilẹ̀ Pupa ju ti Ayé lọ, Awòfín ṣì wúwo bí ọlọ. Àwọn ará ìlú ti sọ Ìyúnadé ní Ìyá Ẹlẹ́rù, bẹ́ẹ̀ kò tíì bí ọmọ kankan.

Ohun tó gbé òun àti Bàbá Adétọ̀nà dé orí òkè náà kì í ṣe eré. Bàbá yìí ni olórí ìgbìmọ̀ àgbà, ìgbìmọ̀ náà sì ti gbóná janjan nítorí Àfonífojì Gbẹrẹfu. Àwọn onímọ̀ omi, tí Ọ̀mọ̀wé Ládùnní jẹ́ olórí wọn, ti gbé jígí ràgàjì-ràgàjì rọ̀ sójú sánmà. Wọ́n fẹ́ fi àwọn jígí náà kó oòrùn jọ sórí omi dídì tó wà lórí òkè, kí ó yọ́, kí ó gba inú àfonífojì náà ṣàn wá sí ìlú. Odò àkọ́kọ́ lórí Ilẹ̀ Pupa!

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibẹ̀ dáadáa," ni Bàbá Adétọ̀nà wí lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ pàdé. "Ilẹ̀ tí ènìyàn ò tíì tẹ̀ rí, kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń da omi bò láìwojú rẹ̀."

"Bàbá, ẹyẹ-irin wa ti fò kọjá ibẹ̀ láìmọye ìgbà," ni Ọ̀mọ̀wé Ládùnní dáhùn. "Òkúta àti eruku ló wà níbẹ̀."

"Ẹyẹ tó ń fò kì í rí ohun tó wà lábẹ́ ewé."

"Kò séwé níbẹ̀, Bàbá!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí. Mo bímọ sí ìlú yìí, omi kò tíì kan orí rẹ̀ rí. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún lára. Bí kànga bá tún lọ sílẹ̀ sí i, kí la fẹ́ fún àwọn ọmọ mu?"

Níkẹyìn wọ́n fi àdéhùn parí ọ̀rọ̀ náà: Ìyúnadé yóò lọ ya àfonífojì náà kí omi tó dé, Bàbá Adétọ̀nà yóò sì bá a lọ láti fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n jígí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti yí i, ó di yíyí.

Wọ́n sì ti yí i. Ràkúnmí-irin sì rèé, ó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jókòó sídìí rẹ̀, Bàbá," ni Ìyúnadé wí. "Màá gbé ẹrù náà lọ."

"Ìwọ nìkan? Ṣé mo rọ ni?"

"Ẹ ti dàgbà, Bàbá."

"Ṣé ọjọ́ orí ni yóò gbé ẹrù ni? Kó igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn fún mi jàre."

Wọ́n tú ẹrù náà palẹ̀. Bàbá gbé igi náà lé èjìká, ó gbé àpò dígí kọ́rùn. Ìyúnadé pọn Awòfín sẹ́yìn, ó so àpótí òjé tí yóò kó àwọn dígí tó bá yà sí mọ́ ìdí, ó ń wọ́ ọ tuurutu nílẹ̀. Bí wọ́n bá gun òkè díẹ̀, àpótí a fà á sẹ́yìn. Bó bá bá a jà tán, a tún gùn díẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀ nínú akoto, kò sì sí bó ṣe lè nù ún. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Láti kékeré ló ti ń ya ilẹ̀ tí kì í mira. Lónìí, ilẹ̀ fẹ́ mira lójú rẹ̀!

Rédíò fọhùn. Ọ̀mọ̀wé Ládùnní ni. "Ìyúnadé, níbo lẹ dé? Omi dídì ti ń sán o! À ń gbọ́ ọ láti ibí!"

"A ti fẹ́ẹ̀ dórí òkè, Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò ṣeé dá dúró díẹ̀?"

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, àbúrò. Orí òkè ni kí ẹ dúró sí, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o! Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́!" Ó sì fi ìyókù agbára rẹ̀ wọ́ àpótí náà gun góńgó òkè.

Yéè! Àfonífojì náà là sílẹ̀ níwájú wọn gbàràmù. Ògiri rẹ̀ ga ní ìpele ìpele, pupa lórí pupa, àwọ̀ osùn, àwọ̀ epo, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, ó funfun, ó kéré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri bí ẹni tó ń wá ọ̀nà.

"Ó mà rẹwà o," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́.

Ìyúnadé ti ń ta igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbé Awòfín kà á, ó fi aṣọ dúdú bo orí, ó dojú dígí kọ ìsàlẹ̀ níbi tí òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ bí ẹní. "Ẹ má mira o, Bàbá!" Ó ya àkọ́kọ́ nígbà tí òkúta wọ̀nyẹn ṣì wà lábẹ́ òjìji. Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n dáadáa, ó fi dígí mìíràn sí i, ó tún un yà.

Ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìró kan dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí odó lórí pákó. Lẹ́yìn náà ló di ramúramù. Omi yọ níbi tí àfonífojì náà ti yà! Ó pupa rúsúrúsú, ó ń ru gùdù, ó ń gbé òkúta bí ẹni ń gbé kóró àgbàdo, èéfín rẹ̀ ga dé òkè níbi tí wọ́n dúró sí.

"Omi! Bàbá, omi ni!" Ìyúnadé ń pariwo, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Dígí wọlé, dígí jáde. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Bàbá Adétọ̀nà, ẹni tó ti jà lòdì sí odò yìí, ti kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Omi ò, tutù dé ọ̀dọ̀ wa," ni bàbá náà ń wí. "Má fi ìbínú wá. Máa rọra bọ̀."

Nígbà tí wọ́n fi padà délé, omi ti dé ìsàlẹ̀ ìlú. Ìlú ti ya sí etí odò lábẹ́ òrùlé dígí tó bo ìlú náà, níbi tí a kì í dé akoto. Àgbà ń bu omi sórí, ọmọdé ń fò sí i, gbogbo ẹnu ń pariwo. Ọ̀mọ̀wé Ládùnní rọ̀ mọ́ Ìyúnadé tòun ti ẹrù. "Lọ fọ àwòrán wa wá! Ara ògiri gbọ̀ngàn la fẹ́ tàn án sí!"

Ìyúnadé wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀ lọ. Ó bu omi odò náà kún ọpọ́n, ó ń fọ dígí ní àfọ̀tẹ́rùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń kọrin. Àwòrán omi mọ́ kedere. Ó gbé dígí àkọ́kọ́ síwájú iná, ó sọ ọ́ di ńlá lára ògiri. Àmì kéékèèké kan wà lára òkúta pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn. Ó rò pé eruku ni, ó nu dígí náà. Kò lọ. Ó sọ àwòrán náà di ńlá sí i.

Ohun tó rí dà bí olú. Wọ́n kéré ju èékánná lọ, wọ́n pọ̀ lọ súà, wọ́n pa ara wọn dé bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ó gbé dígí kejì sí i. Gbogbo wọn ti là. Gbogbo wọn ti yíjú sí oòrùn.

Orin kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀mọ̀wé Ládùnní wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, irun rẹ̀ tutù. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó tún padà sórí àkọ́kọ́.

"Bóyá irú òkúta kan ni," ni ó wí.

"Òkúta kì í yíjú sí oòrùn, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹyẹ-irin wa kò rí nǹkan kan."

"Kò lè rí i. Wọ́n kéré jù."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Ìyúnadé gbé ẹ̀kẹta sí i. Omi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ariwo ayọ̀ ń wọlé láti ìta. Ọ̀mọ̀wé fara ti ògiri. "Ta ló tún ti rí i?"

"Èmi nìkan."

Ìyúnadé ń wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá ní kí òun fọ́ dígí náà, òun ò ní gbà, ọ̀rẹ́ wọn á sì dópin níbẹ̀.

"Gbé e jáde," ni Ọ̀mọ̀wé wí níkẹyìn. "Tàn án sára ògiri. Èmi ni màá sọ fún wọn."

Ó sì sọ ọ́, níwájú gbogbo ìlú, pẹ̀lú omi tó ń kán lára rẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àrà tuntun ni. Díẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Obìnrin kan béèrè bóyá omi náà ṣeé dá padà. Ọ̀mọ̀wé mi orí. Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá Adétọ̀nà, wọ́n ń retí pé yóò ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀." Kò wí i. Ó rìn lọ síwájú ògiri, ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn ohun tó là sí oòrùn náà, ó sì béèrè pé, "Kí là bá máa pè yín?"

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í yí jígí sí àfonífojì kankan láìjẹ́ pé Awòfín ti kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyúnadé ló ń yà á, Ọ̀mọ̀wé Ládùnní ló sì ń wọ́ àpótí òjé tẹ̀lé e, kò jẹ́ kí ràkúnmí-irin gbé e. Wọ́n ti gun òkè tó pọ̀. Odò ń ṣàn nílùú, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n wẹ̀, oko ti yọ ewé lábẹ́ òrùlé dígí. Ṣùgbọ́n ohun tó là sí oòrùn ní Àfonífojì Gbẹrẹfu láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi.