Bọ́ọ̀sì Pọn Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Adó

Àtinúkẹ́ jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Lónìí, yóò rí ìyá rẹ̀!

Ìyá rẹ̀ wà ní Adó, ní Òkè-Ìlá, nílé Màmá Àgbà. Ó ti bí ọmọ tuntun. Àtinúkẹ́ àti Bàbá nìkan ló wà nílé. Ilé dákẹ́ jù.

Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Ó nù ún dán. Ó wá ń kì í:

"Kẹ̀kẹ́ ológeere! Ẹlẹ́sẹ̀ róbótó! Ò-sáré-má-làágùn! Gbé wa o, má gbé wa ṣubú!"

Ó di ojú. "Olúwa, máa ṣáájú wa."

"Àmín!" ni Àtinúkẹ́ ké.

Kirin-kirin! Wọ́n kọjá oko kòkó. Kirin-kirin! Wọ́n kọjá àpáta ńlá.

"Bàámi, ẹ rọra o!"

"Ìwọ ṣáà dì mí mú!"

Wọ́n dé gáréèjì ìlú Ìyìn. Adó ṣì jìn, bọ́ọ̀sì ni wọn yóò wọ̀ débẹ̀. Epo mọ́tò wọ́n lásìkò yẹn. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń lọ sí Adó.

"O ṣé o, kẹ̀kẹ́," ni Àtinúkẹ́ wí.

Dírẹ́bà Akínbọ́lá wo Bàbá. Ó wo Àtinúkẹ́. Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó mi orí.

"Tíṣà, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yìí? Rárá o! Orí ọkọ̀ ti kún."

Lóòótọ́, ó kún. Àpò kòkó ló wà níbẹ̀. Iṣu ló wà níbẹ̀. Inú ọkọ̀ náà kún. Adìyẹ pàápàá wà lábẹ́ ìjókòó!

Bàbá mí kanlẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ yìí ni mo fi ń lọ kọ́ni nílé-ìwé. Mi ò lè fi í sílẹ̀ ní títì. Àtinúkẹ́, ó jọ pé à ń padà sílé."

Padà sílé? Láìrí Màámi?

Omi lé ròrò lójú Àtinúkẹ́.

Ìgbà náà ni obìnrin kan dé. Ìyá Sẹ̀gilọlá ni. Ẹrù ńlá wà lórí rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn fọnfọn.

Àtinúkẹ́ wò ó. Ẹrù lórí. Ọmọ lẹ́yìn.

Ó sáré yí bọ́ọ̀sì po. Ẹrù wà lórí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi àkàbà irin!

"Dírẹ́bà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì pọn kẹ̀kẹ́!"

Gbogbo ènìyàn yíjú wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni dírẹ́bà wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀, mi ò ronú kan èyí rí."

Ó mú okùn. Ó so kẹ̀kẹ́ mọ́ àkàbà gírígírí.

Vùùù! Bọ́ọ̀sì pọn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀nà Adó.

Àtinúkẹ́ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó ń wo kẹ̀kẹ́ láti ojú fèrèsé.

Gbìm! Bọ́ọ̀sì kó sí kòtò. Okùn tú. Kẹ̀kẹ́ ń fì dirodiro!

"Ẹ dúró! Ẹ dúró! Kẹ̀kẹ́ ti fẹ́ bọ́!"

Kíì! Bọ́ọ̀sì dúró.

Ìyá Sẹ̀gilọlá gbé ọmọ rẹ̀ fún Bàbá, ó sì mú òjá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Akínbọ́lá, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọnmọ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. N kò pọnmọ rí."

"Ó hàn! Yẹ̀ fún mi."

Ó fi òjá gbá kẹ̀kẹ́ mọ́ àkàbà. Ó fà á. Ó dì í. Ó mì í wò. Kẹ̀kẹ́ ò mira!

Vùùù! Wọ́n dé Adó láyọ̀.

Wọ́n tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gáréèjì.

"Ẹ ṣé, Dírẹ́bà. Ẹ ṣé, Ìyá. O ṣé, bọ́ọ̀sì. Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà."

"Àmín o, ọmọ dáadáa!"

Kirin-kirin! Bàbá gun kẹ̀kẹ́ gba inú ìgboro. Nígbà tí òkè ga jù, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í. Wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ! Wọ́n dé Òkè-Ìlá.

Ìyá Àtinúkẹ́ jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ kékeré pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àtinúkẹ́ mi! Ẹ̀yin ni mo ń wọ̀nà fún láti àárọ̀. Olúwa, mo dúpẹ́ o!"

Bàbá ṣí fìlà. "A dúpẹ́ gan-an ni."

Àtinúkẹ́ fi ìka kan ọwọ́ ọmọ náà. Ó rọ̀ múkẹ́múkẹ́.

Lẹ́yìn náà ló wo ojú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kí n jókòó tì yín."