Ìwọ Ńkọ́, Kí Lo Jẹ?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Ismaheel tó wọlé sórí fóònù mi: "Adúmáadán mi, àwọn òbí mi ti gbà. A ń bọ̀ wá tọrọ rẹ." Òtù, ìlú wọn, ló wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Àná, ní Alámíìsì, ni bàbá mi ti fi mí fún Ṣùkúrù, oníṣòwò àgbàdo.



Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ni Ismaheel ń kọ́ ní yunifásítì. Ó kọ́kọ́ wá sílé wa ní Ìsẹ́yìn láti wádìí ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń jẹ, àti bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé láyé òyìnbó. Ìyá àgbà sọ fún un pé kéèkì ni wọ́n kọ́ àwọn, àti bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì.

"Tábìlì wo?" ni Ìyá àgbà wí. "Orí ẹní la ti ń jẹun nílé!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń bu oúnjẹ ni Ismaheel ń wọ̀n ọ́n: ti Bàbá, ti àwọn àbúrò mi, ti Ìyá àgbà. Nígbà tí ìkòkò gbẹ, ó gbójú sókè.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo jẹ?"

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni mo ti ń dáná ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé a fẹ́ràn ara wa, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkùnrin tó lọ sí yunifásítì torí ọbẹ̀! Ṣé òun náà ló máa wé gèlè nílé yín?"

Lẹ́yìn ìrun ní Jímọ̀ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wọlé, Ṣùkúrù dé. Mo gúnyán, mo bù ú fún òun àti Bàbá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá.

"Iyán yìí kúnná, ìyàwó mi," ni Ṣùkúrù wí, ó ń fọwọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Misturat!" Bàbá pariwo. "Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi. Lọ́jọ́ yìgì, àlùfáà á bi mí bóyá mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn nínú ilé níbí, kí ojú má baà tì yín lójú ayé."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Ìyá àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀. Bàbá yíjú sí Ṣùkúrù.

Ṣùkúrù tẹjú mọ́ mi. Bàbá ti fi Ismaheel ṣe yẹ̀yẹ́ létí òun náà. "Kí ni alásè yẹn fún ọ tí mi ò lè fún ọ?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ."

Ó wo abọ́ iyán tó ṣófo níwájú rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Mi ò ní fẹ́ yín. Ismaheel ni mo máa fẹ́."