Fóònù Tó Ń Jí Ire

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Láti aago márùn-ún ni mo ti ń bá ìṣirò kan jìjàkadì, ó sì kù díẹ̀ kí èsì rẹ̀ jáde, ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn.

"Mo ti jí, Màmá," mo dáhùn láti orí ìjókòó. "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, Akọ̀wé. Ṣílẹ̀kùn."

"Dáadáa ni mo jí, mà."

"Mo gbọ́. Ohùn rẹ nìyẹn. Ojú ni mo fẹ́ rí."

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀, mo yọ orí síta bí ìgbín. Ó wò mí dáadáa, ó ní kí n jẹun kí n tó kàwé, ó sì kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì. Mo pòṣé. Mo ti gbàgbé ibi tí mo bá ìṣirò dé.

Màmá Kanlẹ̀kùn ni gbogbo ilé ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìntì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é, kò sì sí àárọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì kọ́kọ́ lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, kó wo ojú aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó wá sọ gbogbo wa di aláìsàn. Ilẹ̀kùn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, gbogbo rẹ̀ ló sì ń kàn lójoojúmọ́, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ẹni tí ebi ń pa, ojú rẹ̀ ló fi ń mọ̀, abọ́ oúnjẹ á sì wá bá onítọ̀hún láìsí ariwo. Èmi ò ro ìyẹn nígbà náà. Ìdánwò àṣekágbá kù bí oṣù kan, lójú tèmi, obìnrin tó ń fi àkókò mi ṣòfò ni.

Ni mo bá dìde níbi ìpàdé ilé. Mo ní kí gbogbo wa wà nínú gúrúùpù kan lórí fóònù. Tí èèyàn bá ti jí, kó kọ "Mo jí ire" síbẹ̀. Tí aago méje bá lù tí ẹnì kan ò tíì kọ ọ́, èmi fúnra mi á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fi kún un pé orúnkún Màmá á lè sinmi, kó lè dà bíi pé nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Káfíńtà tó ń gbé lókè wa ní ó mà dáa kí ọmọ tó mọ̀wé wà nínú ilé o. Orí mi wú. Màmá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ni yóò máa rí ojú wọn?"

"Àwòrán wà lórí fóònù, Màmá," mo fèsì, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ kejì ni Màmá ti dẹ́kun ilẹ̀kùn kíkàn. Nǹkan ń lọ dáadáa, àfi ti Bàbá Télọ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ń gbé, òun nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò sí ohun tí kò lè fi abẹ́rẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́tà orí fóònù kéré jù lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, àmì ìbéèrè mẹ́rin ló fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi àwòrán ẹṣin ránṣẹ́. Èmi ni mo wá ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá a tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, tí mo bá sì ti débẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní tán. Á béèrè nípa ìwé mi, á fi aṣọ tó ń rán hàn mí, ogún ìṣẹ́jú á ti lọ.

Nígbà tó sú mi, mo wá ọgbọ́n dá sí i. Mo ṣètò fóònù rẹ̀ kó máa fi "Mo jí ire" ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, lójoojúmọ́.

"Ọmọ mi, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?" Bàbá béèrè.

"Bàbá, àbí ẹ ò ní jí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, mo wọ aṣọ ilé-ìwé, mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo bá Màmá ní ìdí àtẹ̀gùn, ó tẹ́tí sí ilẹ̀kùn Bàbá Télọ̀.

"Akọ̀wé, mi ò gbọ́ ẹ̀rọ Télọ̀ láti àná. Mo sì kan ilẹ̀kùn báyìí, kò dáhùn."

"Ó wà dáadáa, Màmá. Á ti jáde ni. Ẹ wò ó."

Mo na fóònù mi sí i. Aago mẹ́fà géérégé: "Mo jí ire." Ti àná náà, aago mẹ́fà géérégé. Àwọn ará ilé ti ń kí i lábẹ́ rẹ̀, "Ẹ kú ojúmọ́, Bàbá." Bí mo ṣe ń kà á fún Màmá ni mo rántí. Kì í ṣe Bàbá ló kọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Aago mẹ́jọ ti kọjá, aago mẹ́sàn-án ni ìdánwò. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n dákẹ́, kí n máa lọ. Bóyá Bàbá ti jáde lóòótọ́. Tí mo bá sì lanu, gbogbo ilé á mọ ohun tí mo ṣe. Mo tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan. Àmọ́ ojú Màmá ń wò mí, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀, mi ò wá lè lọ mọ́.

"Màmá, kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Fóònù ló ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

Kò bú mi. Ó kígbe pe Káfíńtà pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Káfíńtà sáré wá tòun ti irinṣẹ́, ó já ilẹ̀kùn.

Bàbá Télọ̀ wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sábẹ́ ara. Ojú rẹ̀ là. Ó ń mí.

"Kí ẹnikẹ́ni má gbé e," Màmá pàṣẹ. Ó ti kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn. "Káfíńtà, pe ọkọ̀ aláìsàn. Akọ̀wé, mú ìbora wá. Télọ̀, èmi ni. Wò mí. Mo wà níbí."

Àwọn ará ilé ti pé sẹ́nu ọ̀nà, ohun tó bá sì ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń rí obìnrin yìí lójoojúmọ́, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Tí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ó sọ fún mi. "Lọ kọ ìdánwò rẹ. Tí o bá parí, wá bá wa nílé ìwòsàn."

Mo kọ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, mo bá èèyàn mọ́kànlá láti ilé wa. Dókítà ní egungun ìbàdí Bàbá ló ṣẹ́, pé tó bá fi pẹ́ di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

"Ìdájí àná ni mo ṣubú," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Nígbà tó di aago mẹ́fà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbi tí ọwọ́ mi ò tó, ẹ̀ ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó ti sọ fún yín pé mo jí ire. Mo fẹ́ pariwo pé irọ́ ni. Ohùn mi ò jáde. Láàárọ̀ yìí, ó tún sọ bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà gbójú sílẹ̀. Ó ní, "Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́." Màmá fà mí dìde, ó ní mo ṣe àṣìṣe ńlá, ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́ nígbà tó ṣì wúlò, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni Bàbá fi wà láàyè.

Bàbá Télọ̀ ti padà sílé, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo yege ìṣirò náà, mo sì ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ọkùnrin tó wà nílẹ̀ lódindi ọjọ́ kan, tí èèyàn púpọ̀ ń kí i lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, fóònù lè bá wa jíṣẹ́, kò lè bá wa bìkítà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni aládùúgbò rẹ̀ wà, kó dìde, kó lọ wò ó.