Ìgò Méjì Kí Òjò Tó Dé

Omi mu obìnrin kan dé ìbàdí nígbà tí atukọ̀ kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà gbé àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sókè sí oòrùn. Kò sí ẹja kan ṣoṣo nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí wúrà he.

"Àǹtí, kí lẹ pa?"

"Wọn ò ṣe é kà tán."

"Ṣé ojú mi ni ò ríran ni, àbí tiyín ló ń rí àríjù?"

"Gba ìgò yìí mú, kí o yéé sọ̀rọ̀."

Ó gbà á mú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tukọ̀ fún un lóṣooṣù. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti ka àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí ẹja ń jẹ, kí ó mọ iye oríṣi tó wà nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lókè odò àti níbi tí ilé aró ń da omi ẹ̀gbin sí.

Bàbá atukọ̀ ló ni ilé aró yẹn. "Ẹni tó fẹ́ ti ilé iṣẹ́ mi pa," ni bàbá wí, "kò ní wọlé mi ní ìyàwó." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù: ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ti ń jẹ́ Onígò mi, èkejì ti ń jẹ́ Atukọ̀ mi.

Ní oṣù tó kẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ibà dá Onígò dùbúlẹ̀.

"Sinmi, arẹwà tó ń ka ohun tí ojú ò rí," ni atukọ̀ wí. "Mo mọ iṣẹ́ náà."

Ó gbé ìgò méjì dé, ó ní ọ̀kan ti òkè odò wá, èkejì ti ẹnu ihò tí omi aró ń gbà jáde. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Onígò fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo omi náà. Oríṣi mẹ́ta péré ló rí lẹ́nu ihò omi aró lóṣù tó kọjá. Báyìí, mẹ́tàdínlógún ni. Mẹ́tàdínlógún kan náà ló wà nínú ìgò òkè odò.

"Ibì kan náà lo ti bu méjèèjì."

Atukọ̀ dorí kodò. "Bàbá mi ni, Onígò. Mi ò lè fọwọ́ ara mi tú àṣírí rẹ̀."

"Èmi wá ni kí n fọwọ́ ara mi kọ irọ́?" Ó pa ìlẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ṣú. Bí òjò bá fi lè fọ odò, ẹ̀rí ẹ̀ẹ̀rùn di ọdún mìíràn nìyẹn, iṣẹ́ ọdún kan gbáko sì wọmi. Onígò ń wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó rí atukọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àjẹ̀ ní èjìká.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," ni ó wí. "Ọkọ̀ ti wà létí omi."

Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti ìgò bọ ẹnu ihò náà. Wọ́n bu ti òkè odò náà, wọ́n sì gbé ìgò méjèèjì, pẹ̀lú awò, lọ síwájú bàbá.

Bàbá tẹ orí ba sórí awò, ó wò. Nínú omi òkè odò, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ń jó, ó ń pòòyì, ó ń lé ara rẹ̀ kiri. Nínú èkejì, ẹyọ ohun kan ṣoṣo ló ń yí, bí ẹni tí gbogbo ará ilé rẹ̀ ti lọ.

"Èyí ni tèmi?"

"Tiwa ni, Bàbá. N ó gbẹ́ kòtò tí omi aró á ti máa tòrò kó tó wọ odò. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ni n ó fẹ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù. Bàbá kò gbójú kúrò lórí awò.

"Ìyàwó wa," ó wí, "bí òjò bá dá, jọ̀ọ́, wá bá mi tún un wò."