Kámẹ́rà Inú Pálọ̀ Àlájà

Orí àkàbà ni Hamdalah ti kọ́kọ́ rí Jibril, síkúrù lẹ́nu rẹ̀, òwú aláǹtakùn lórí fìlà rẹ̀, tó ń so kámẹ́rà mọ́ ògiri pálọ̀ wọn ní Ìgándò. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

Ilé náà kì í ṣe ilé ẹ̀rín o. Àìsàn ti rọ ìyá Hamdalah, Àlájà Mọ̀dínátù, lápá àti lẹ́sẹ̀ kan, àwọn méjèèjì nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Hamdalah fẹ́ máa rí i lórí fóònù láti ibi iṣẹ́ ní àdúgbò Command.

Jibril kọ́kọ́ fi àwòrán kámẹ́rà náà sórí fóònù tirẹ̀, ó jáde sí títì láti wò ó bóyá àwòrán á dé ọ̀nà jíjìn. Ó dé. Ó wá fi í sórí ti Hamdalah. Ó yẹ kó yọ ọ́ kúrò lórí tirẹ̀ kó tó lọ, àmọ́ ó gbàgbé.

"Tí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pè mí."

"Tó bá ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ṣì pè mí, jàre."

Kámẹ́rà náà ò bàjẹ́ rí, síbẹ̀ gbogbo Sátidé ni Jibril ń wá tún un ṣe. "Ọkọ Hamdi, kíṣìnì ló wà o," ni Àlájà máa ń wí. Ìgbà tó yá, Jibril rí i pé àwòrán náà ṣì wà lórí fóònù òun. Kò yọ ọ́. Ó máa ń ṣí i nírọ̀lẹ́ kó lè rí Hamdi tó bá wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáṣá, ó ṣí i, ó rí Àlájà nílẹ̀. Ó fò sórí ọ̀kadà, ó já ilẹ̀kùn, ó gbé e lọ sọ́sìbítù. Àlájà kú kí Hamdalah tó dé.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ṣubú?"

"Mo rí i lórí fóònù mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Látọjọ́ àkọ́kọ́. Mo gbàgbé ni. Nígbà tó yá, mi ò fẹ́ yọ ọ́ mọ́. Ìwọ ni mo ń wò."

"Inú ilé tí màámi ti ń ṣí orí sílẹ̀! Kúrò lójú mi, Jibril!"

Wọ́n sin Àlájà lọ́jọ́ náà. Hamdalah ò gbé ìpè Jibril mọ́.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí èrò ti túká, ó ṣí ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ikú náà, torí ó fẹ́ rí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí i bí Jibril ṣe wọlé. Ó rí i tó kọjú sí ògiri, tó ń fọwọ́ wá híjáábù Àlájà lórí àga, tó fi bò ó lórí kó tó wò ó. Ó rí i tó kúnlẹ̀, tó ń sọ kálímọ̀ ṣàhádà sí i létí, tí ètè ìyá rẹ̀ ń mì tẹ̀ lé e. Hamdalah bú sẹ́kún.

Ó pè é. Nígbà tí Jibril dé, fóònù rẹ̀ ló kọ́kọ́ nà sí i. "Yọ ọ́ fúnra rẹ, Hamdi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"O ṣẹ̀ mí lóòótọ́." Ó yọ ọ́. Ó wá gbé àkàbà wá. "Bá mi yọ ti ara ògiri náà. Mi ò rẹ́ni ṣọ́ mọ́."

Jibril gbé àkàbà náà ti ògiri.

"Tó o bá tún fẹ́ rí mi, lọ kó àwọn òbí rẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n wá bá àwọn ẹ̀gbọ́n màámi sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kó o gbà wọlé, kí n máa rí ọ bó o ṣe ń rí mi."

Jibril gun àkàbà náà. Hamdalah sì bá a di í mú.