Ọwọ́ Tó Gòkè Fúnra Rẹ̀ ní Òkè-Òṣùpá

Làmídì tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún Àwẹ̀ró pé ọwọ́ rẹ̀ ló lé àwọn ará àdúgbò Ìsàlẹ̀ kúrò nílé. Ilẹ̀kùn ni Làmídì ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ó dúró síwájú àtẹ, ó mú ata rodo kan, ó ń yí i wò bí ẹni tó fẹ́ rà.

"Ìyá Aláta, ẹ kú ìjókòó. Mi ò mọ̀ pé inú yín le tó báyìí."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ nawọ́ sókè kí wọ́n ti Ìsàlẹ̀ pa. Ọwọ́ kan péré ni wọ́n fi borí, tiyín sì ni."

"Irọ́ lò ń pa. Orí itan mi ni mo gbé ọwọ́ mi lé."

"Ọ̀tún ló wà lórí itan. Òsì lọ sókè. Èmi nìkan ni kì í dijú níbẹ̀, mo rí i."

Àwẹ̀ró gba ata rẹ̀ padà. "Bí o kò bá ní rà á, má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Òkè-Òṣùpá ni ìlú náà ń jẹ́. Nígbà tí oòrùn jó ilẹ̀ ayé kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè fara dà ni àwọn baba wọn kó lọ sórí òṣùpá, wọ́n kọ́ ilé sábẹ́ òrùlé gíláàsì ńlá. Afẹ́fẹ́ kò sí níta. Inú ìgò ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, ìgò èémí ni wọ́n ń pè é, òun náà ni wọ́n fi ń ra ọjà. Ẹni tó bá yá ìgò èémí, ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fi dá a padà. Ẹni tó fi ọwọ́ kan san án, wọ́n á ní ó ṣì di ìyókù mọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo nǹkan ló sì fúyẹ́ níbẹ̀. Òkúta tí ọkùnrin méjì á gbé láyé, obìnrin kan á gbé e níbẹ̀, á tún máa sọ̀rọ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ńlá bá dé, gbogbo ìgbìmọ̀, tí Àwẹ̀ró náà wà lára wọn, á dijú. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn á na ọwọ́ sókè, ẹ̀rọ kan tó wà lájà, akaọwọ́, á sì kà á. Àwọn àgbà ní ọwọ́ tó bá ti rí ọwọ́ ẹnìkejì kò ní sọ òótọ́ mọ́. Èyí tó bá sì ti gòkè ti gòkè náà nìyẹn. Kò sí pé mo ṣì í nà.

Ẹ̀gbà ti mú Àwẹ̀ró lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ dí lọ́nà ọpọlọ rẹ̀, apá òsì sì kú mọ́ ọn lára. Opó ni, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé agbọ̀n. Ó ra ìlẹ̀kẹ̀ ọpọlọ, ohun kékeré bí ẹyọ ata gbígbẹ tí Dókítà Bámgbóṣé ń fi sábẹ́ agbárí. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ń gbé àṣẹ lọ sí apá. Apá dìde, ìka ń ká, gbogbo ọjà ń pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kì í gbé ìròyìn padà bọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ pé, tó bá ń jẹun nínú òkùnkùn, òkèlè rẹ̀ kì í wọ imú, nítorí ọpọlọ mọ ibi tí ọwọ́ wà láìwò ó. Ibi tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ọpọlọ Àwẹ̀ró ni ẹ̀gbà bà jẹ́. Bí ó bá ń wo ọwọ́ náà, á gbọ́ràn. Bí ó bá gbójú kúrò, ó di ọwọ́ aláìnílé. Ó ti jí rí, tó bá ọwọ́ kan lójú rẹ̀, tó gbá a dànù pé olè ni. Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Aláta, ṣé ọwọ́ yín jẹ yín ní gbèsè ni, tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ báyìí?"

Àwẹ̀ró kó àtẹ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀.

Ìbídùn ló bá, tó ń di ẹrù. Ìbídùn ló ń tọ́jú àká èémí fún àwọn ará Ìsàlẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń wá ohun tí yóò fi ra ìlẹ̀kẹ̀, Ìbídùn ló ṣí àká, tó kó ìgò mẹ́fà fún un láìsọ fún ẹnì kankan. Àwọn ìgbìmọ̀ wá yẹ àká wò lójijì, wọ́n ní kò kún tó, pé àdúgbò tí kò lè bọ́ èémí ara rẹ̀ kó padà sáyé.

"Ẹ jókòó, ìyá mi," ni Ìbídùn wí. Kò gbójú sókè.

"O ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́."

"O sì gbà á gbọ́?"

Ìbídùn ká aṣọ ọmọ, ó tún tú u ká. "Ẹni tí mo bu èémí ọmọ mi fún, mi ò mọ ohun tí mo lè gbà gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́." Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń fò láti orí àpótí sí àpótí. "Orí òṣùpá ni wọ́n bí i. Dókítà ní egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e láyé, ìwúwo ibẹ̀ á fọ́ ọ. Lọ́la ni wọ́n ń kó wa lọ."

Àwẹ̀ró kò bẹ̀bẹ̀. Ó dìde, ó kọrí sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Bámgbóṣé gbọ́ ọ tán, ó ti ilẹ̀kùn. "Ìyá, ọwọ́ yín ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dán an wò."

"Ojú mi là nígbà náà. Ṣé o dán an wò nígbà tí mo dijú?"

Ó fi ọwọ́ pa orí. "Ayé ni wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Lọ́hùn-ún apá wúwo, bí olúwa rẹ̀ kò bá tiẹ̀ mọ ibi tó wà, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Níbí, kò sí ohun tó ń fà á sílẹ̀."

"Wá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Bí mo bá sọ ọ́, òfin ní ìlẹ̀kẹ̀ tí kò gbọ́ ti olówó rẹ̀, yíyọ ni. Apá yín á tún kú, kò sì sí èyí tí mo lè fi rọ́pò. Ẹ dákẹ́, ìyá. Ọwọ́ méjì lẹ fi ń ta ata."

"Ọwọ́ kan ni mo fi ń tà á. Èkejì, ojú mi ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí o bá yọ ọ́, ohun tí mo fi rà á ńkọ́?"

"Ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á padà sọ́wọ́ yín."

"Bọ bàtà rẹ," ni Àwẹ̀ró wí.

Baba Òjéyẹmí, olórí ìgbìmọ̀, fi ìdí ọ̀pá kan ilẹ̀ nígbà tí wọ́n rojọ́ tán nílé ìgbìmọ̀. "Àwẹ̀ró, ara ta ni ọwọ́ náà wà? Ṣé ara mi ni?"

"Ara mi ni, Baba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo rán an."

"Ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu, ẹni tó ni ín ló ń sanwó."

Dókítà ní, "Baba, àbùkù ìlẹ̀kẹ̀ wa ni. Ọpọlọ rẹ̀ kò mọ ibi tí—"

"Ẹ̀yin onímọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ń gba ìgò, ìlẹ̀kẹ̀ yín kò lábùkù." Baba kọjú sí Àwẹ̀ró. "Wá síwájú mi. Jókòó. Dijú."

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó dijú. Baba ń bi í léèrè iye ata, ó ń dáhùn.

"Ọwọ́ òsì rẹ dà?"

"Orí itan mi, Baba."

Làmídì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Aláta, ẹ la ojú yín."

Ó là á. Ọwọ́ òsì ti gòkè, ìka rẹ̀ ń rìn bí ewé inú omi. Iwájú imú Baba Òjéyẹmí gan-an ló nà sí. Ẹnikẹ́ni kì í na ọwọ́ òsì sí ojú àgbà ní Òkè-Òṣùpá. Àwẹ̀ró fi ọ̀tún fà á wálẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Baba wo ọwọ́ yẹn pẹ́. "Kò sí obìnrin tí orí rẹ̀ pé tó máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí sí mi," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọwọ́ yẹn kò kà. Ti gbogbo ẹni tó bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ sórí kò kà mọ́ láti òní. Kí Ìsàlẹ̀ dúró, bí àká wọn bá kún kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Dókítà, yọ nǹkan yín."

Àwọn tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilé náà wo Àwẹ̀ró bí ẹni wo ọ̀tá. Kò wò wọ́n padà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀. Wọ́n ti yọ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀já gbá apá òsì mọ́ ọn láyà. Ìbídùn ń gba ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí àká. Nígbà tó ku ọ̀kan, Àwẹ̀ró dúró. Ó tú ọ̀já, ó fi ọ̀tún gbé òsì bí ẹni gbé ẹja tútù, ó tò ó sára ìgò. Ó yọ̀. Ó tún tò ó.

"Ìyá mi, ẹ fi ọwọ́ kan gbé e wá."

"Wọ́n á ní mo di ìyókù mọ́ ẹ̀yìn."

Ọmọbìnrin náà fò kọjá lórí wọn láti àpótí sí àpótí, Àwẹ̀ró sì gbójú tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí ìgò. Nígbà tó wo ilẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ìgò, ó dúró gírígírí. Ìbídùn ló fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó láti òde. Àwẹ̀ró kò mọ ìgbà tó dì í mú.

Ìbídùn gba ìgò náà. "Ó pé," ni ó wí.