Àgò Tí Husnah Kò Ké

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àlọ́, kó máa pè é ní àlọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ń bẹ láàyè. Ìpọ̀nrí, ní Èkó, ló ń gbé títí di òní. Bí ẹ bá kágò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Á kọ́kọ́ ti ojú fèrèsé wò yín dáadáa ná, kó tó wá rọra ṣílẹ̀kùn.

Husnah lorúkọ rẹ̀. Mushin ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ kó tó kú. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Shakirat nìkan ni ìyá wọn bí. Ìyá náà ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Kí àlejò ṣe sálámà lẹ́nu géètì. Ọmọ ilé ní tirẹ̀, bó bá dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí kọ́tìnì wà, kó kágò. "Àgò o." Ẹni tó wà nínú á ní, "Àgò yà." Bí wọn kò bá tíì dáhùn, o kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ wọlé, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó. Ìyá ní ilé tí èèyàn bá yọ́ wọ̀, kó má bínú sí ohun tó bá bá níbẹ̀.

Ìyá náà kú. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, Husnah la ẹnu láàárín àwùjọ, ó ní Shakirat ló pa ìyá àwọn, torí kò tètè gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ìbànújẹ́ ló ń ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Shakirat kó àwọn àwo ilẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù àbúrò rẹ̀ mọ́, ó sì dí ọ̀nà Wasáàpù mọ́ ọn.

Ojú ń ti Husnah láti lọ sí Mushin, níbi tí Shakirat ṣì ń gbé. Ojú wo ló fẹ́ fi wo ẹni tó pè ní apànìyàn? Ó wá ku ímeèlì. Tíṣà ni Shakirat, ímeèlì ni ilé-ìwé wọn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò lè pa á tì. Husnah kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Kò rí èsì. Ó tún kọ, pàbó náà ló já sí. Kò wá mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n òun ń kà á ni, àbí ńṣe ló ń jù ú nù láìṣí i. Àìmọ̀ yẹn ló ń dà á láàmú jù.

Ọ́fíìsì kan ní Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì. Jude, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló ń kọ ìpolówó sí àwọn oníbàárà. Husnah dọ́gbọ́n bi í.

"Jude, báwo lo ṣe máa ń mọ̀ pé kọ́sítọ́mà ti ṣí ímeèlì ẹ?"

Jude bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀bọ́ wo nìyẹn? Ta ló ń já ẹ kulẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àbẹ́gì."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Jude yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i, ó fi ohun èlò oríṣiríṣi hàn án. Ọ̀kan wà tó máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó gba ìwé: ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ mọ̀ pé o ti kà á, ṣé o gbà? Husnah mi orí. Òmíràn máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

"Wọ́n á rí i," Husnah wí.

"Ó dáa, wo èyí. Kì í sọ nǹkan kan. Àwòrán kékeré báyìí ló máa fi sínú lẹ́tà, kò lójú, kò nímú, kò láwọ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i. Tí wọ́n bá ti ṣí lẹ́tà yẹn, á ta ẹ́ lólobó, ṣáápù-ṣáápù."

Etí ọba nílé, etí ọba lóko. Jude wo ojú rẹ̀ díẹ̀. "Àmọ́ ó dà bíi kéèyàn yọ́ wọlé onílé o. Mi ò sí níbẹ̀ o."

"Èyí ni mo fẹ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, kò lè wo Jude lójú mọ́. Ó kó àwọn fáìlì tí kò fẹ́ lò jọ, ó tún tú wọn ká.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ ìwé mìíràn. Ó parí rẹ̀ báyìí: "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ ń rí àwọn ìwé mi, Àǹtí mi." Ó mọ̀ pé ní gbàrà tí òun bá ti fi í ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti di irọ́. Ó fi í ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ́fíìsì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ jẹun. Fóònù rẹ̀ dún. Kó. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí èékánná tó kan pákó. Wọ́n ti ṣí i.

Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ gbẹ lójijì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké tán. Jude gbé orí sókè.

"O sọ nǹkan ni?"

"Rárá o."

Ó tún dún nírọ̀lẹ́. Kó. Shakirat ń tún un kà! Èsì kò wá, ṣùgbọ́n Husnah ti rí ohun tó ń mu bí oyin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, kì í ṣe torí pé ó ní nǹkan sọ mọ́, bí kò ṣe kó lè gbọ́ ìró náà. Ní ìparí ìwé kọ̀ọ̀kan, á ní òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n òun ń rí i. Ẹni tó bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ọ ṣe, ó sì mọ òwe náà, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìtìjú á mú un, á sì tún kọ òmíràn. Nígbàkígbà tó bá dún, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ.

Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn òjò ọ̀sán, fóònù náà dún gan-an. Orúkọ Shakirat ló wà lójú rẹ̀.

"Husnah."

"Àǹtí mi! Ẹ káàsán mà."

"Kí ló dé tó o máa ń kágò, tó o sì máa ń sá?"

"Mà?"

"Àwọn ìwé ẹ yìí. Tí mo bá ti ṣí i báyìí, màá gbọ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. 'Àgò o.' Ohùn ẹ ni. Màá dìde, màá fa kọ́tìnì, mi ò ní rí ẹnì kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo máa ń ti géètì o, Husnah. Báwo lo ṣe ń wọlé?"

Ara Husnah tutù nini. Kò tíì tẹ ilẹ̀ Mushin láti ọjọ́ fídáù. Ẹnu rẹ̀ ti là láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun kò wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bi í pé ta ló wá ń kágò, òun yóò sì ní láti sọ ohun tí òun fi pamọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀. Shakirat kórìíra ẹ̀tàn. Á já fóònù náà, ó sì lè má pè mọ́ láéláé. Husnah ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń mí. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Èmi ni mà," ó wí. "Ojú ló ń tì mí."

Shakirat bú sẹ́kún. "Ọmọ ìyá mi. Ṣé torí ìyẹn náà ni? Èmi náà ń retí ẹ ni. Mo mọ̀ pé mi ò tètè gbé wọn lọ. Mo mọ̀. Tó o bá tún kágò, màá dá ẹ lóhùn. Màá ní kó o máa wọlé bọ̀."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe—"

"Mo rí i pé o tún kọ òmíràn láàárọ̀. Jẹ́ n kírun àsárì tán, màá kà á."

Fóònù já. Husnah tún pè é, pè é, kò gbé e. Orí ẹní ìrun ló wà. Husnah sáré bá Jude.

"Yọ nǹkan yìí kúrò. Yọ ọ́ níbi gbogbo!"

"Mo lè pa tìẹ. Èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, inú lẹ́tà wọn ló wà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Husnah jáde láìmú báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́ máruwá kan, ó ní kí awakọ̀ máa sáré lọ sí Mushin. Omi òjò ṣì wà lójú títì. Wọ́n ń kọjá Ojúẹlẹ́gba nígbà tí fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Kó. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. "Àǹtí, ẹ ní kí ni?"

"Mi ò sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀. Ẹ ní àgò."

Husnah di irin kẹ̀kẹ́ mú títí wọ́n fi dé.

Kọ́kọ́rọ́ géètì ṣì wà lára àwọn kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ fóònù rẹ̀. Ó ṣí i wọlé. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ayálégbé kankan kò sí níta, redíò kankan kò dún. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Bàtà Shakirat wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bàtà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ ewé, okùn rẹ̀ kan ti já, wọ́n sì fi òwú dúdú gán an. Husnah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà náà ló wọ̀.

Ẹ̀rín ń dún nínú pálọ̀. Shakirat ni. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ẹnì kan sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń sọ gbogbo ohun tí Husnah ti ń rò láti sọ, pé kí wọ́n dárí ji òun, pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ fídáù kò ti inú òun wá. Ó ń sọ ọ́ dáadáa ju bí Husnah ì bá ti sọ ọ́ lọ.

Husnah kò gbójúgbóyà láti fọwọ́ kan kọ́tìnì.

"Àgò o," ó wí.

Ẹ̀rín náà dá.

"Husnah," ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú, ẹ̀rù sì wà lóhùn rẹ̀, "ta ló ń fi ohùn ẹ kágò níta?"

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ohùn Husnah fúnra rẹ̀ dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣọ́ yín."

Husnah fẹ́ pariwo pé irọ́ ni. Irọ́ kọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kó ké àgò kejì. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, tó ti ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti inú.